Ipò Olórí Ìṣirò Kì Í Ṣe Oyè Ìdílé

Nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa yìí, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a sábà máa ń kọ, tàbí ọ̀rọ̀ bàtà àti ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, tàbí ti nọ́ọ̀sì kíníkì tí a kì í bá ní ìjókòó. Lóṣù yìí, àga kan ṣoṣo ni a fẹ́ jà lé lórí. Àga náà wà ní ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ìjọba tó wà lẹ́yìn ọgbà fákitírì wa. Àga olórí ẹ̀ka ìṣirò ni, ó sì ti ṣófo láti ọdún 2023.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan lẹ́nu ọ̀nà kántíìnì: "Kí ló kan yúníọ̀nù nínú ọ̀rọ̀ tíṣà? Ṣé a ti gba owó ófátáìmù wa tán ni?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó béèrè kọ́kọ́ dá wa lóhùn: ọmọ ta ló wà nínú ilé ìwé yẹn? Ọmọ ọ̀gá àgbà kò sí níbẹ̀. Ọmọ mánẹ́jà kò sí níbẹ̀. Ọmọ àwọn tó ń gba tíṣà síṣẹ́ gan-an kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ní fèrèsé dúdú ló ń wá gbé tiwọn láràárọ̀ lọ sí ilé ìwé olówó gọbọi. Ọmọ tiwa ló wà níbẹ̀: ọmọ ẹni tó ń ran àpò, ọmọ ẹni tó ń tọ́jú bọ́ìlà, ọmọ awakọ̀ tírélà, ọmọ ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ní gáréèjì. Tí àga yẹn bá ṣófo, orí àwọn ọmọ wa ni òfo rẹ̀ ń já lé.

Ní ti ófátáìmù, ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí bí a ṣe mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ. Kì í ṣe akọ̀wé yúníọ̀nù ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa ni, tó wà ní SS1 nígbà náà. Ó tẹ́ ìwé owó oṣù bàbá rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Bàbá mi, wákàtí 14 ni ẹ ṣe lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Owó wákàtí kan yín jẹ́ ₦400. Àdéhùn yín sì sọ pé owó wákàtí kan ààbọ̀ ni wọn yóò san fún wákàtí ófátáìmù kọ̀ọ̀kan. ₦600 nìyẹn. ₦600 lọ́nà 14 jẹ́ ₦8,400. Kí ló dé tí wọ́n kọ ₦5,600 síbí?" Bàbá wo ìwé, ó wo ọmọ, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. ₦2,800 ló ti jábọ́ nínú àpò ẹnì kan ṣoṣo lóṣù kan. Tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, ₦33,600 ni lọ́dún. Ẹ wá fi iye wa tó ń ṣe ófátáìmù sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wo iye tó ti wọlé lọ sí ibi tí kò yẹ. Ọkùnrin tó kọ́ ọmọ yẹn ní bí a ti ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni olórí ẹ̀ka ìṣirò tí a ń wí yìí. Ìjà ófátáìmù tí ẹ ń béèrè, inú kíláàsì rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò kú, kò sì fẹ̀yìntì. Ìlú Ọba ló lọ. Láti oṣù kejì ọdún 2023, ìjọba England ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olùkọ́ láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan, pé ẹni tó bá ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nílé lè gba ìwé àṣẹ olùkọ́ tiwọn láì tún bẹ̀rẹ̀ láti A. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: kì í ṣe gbogbo tíṣà wa ni wọ́n pè. Tíṣà ìṣirò, tíṣà sáyẹ́ǹsì àti tíṣà èdè ni wọ́n pè lọ́dọ̀ wa. Tiwọn kò tó wọn, wọ́n sì mọ ohun tó wọ́n wọn. Wọ́n wọ inú oko wa, wọ́n já èyí tó pọ́n.

A kò bú ọkùnrin náà. Òṣìṣẹ́ tó bá rí ibi tí wọ́n ti mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀, tó sì gbéra lọ, ẹnu wa kọ́ ni a ó ti gbọ́ pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Mélòó nínú wa ni kò tíì fi owó sílẹ̀ fún aṣojú tó ní òun yóò mú wa dé Dubai? Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó bá díẹ̀ nínú wa sọ bí wọ́n ṣe ń gba olórí ìṣirò lọ́hùn-ún, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́. Ilé ìwé tó bá ń wá olórí ìṣirò yóò kéde rẹ̀ fún ẹni gbogbo. Yóò kọ iṣẹ́ tó wà nídìí ipò náà, yóò kọ owó rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yóò kọ̀wé. Àwọn tí wọ́n bá ṣà jọ yóò wá sí ilé ìwé náà, wọn yóò fún wọn ní kíláàsì gidi kan láti kọ́, àwọn ọ̀gá yóò sì jókòó sẹ́yìn máa wò bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn sí. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ojúkoojú. Ẹni tó bá gba ipò náà, owó ẹrù iṣẹ́ wà fún un lórí owó oṣù rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni owó náà ti wà nínú ètò owó oṣù tíṣà wọn, TLR ni wọ́n ń pè é.

A kò ní Ìlú Ọba jẹ́ ọ̀run o. Tó bá jẹ́ ọ̀run ni, wọn kì bá tí máa wá tíṣà káàkiri ayé. Oṣù kejì ọdún 2023 kan náà tí wọ́n ń pe tiwa ni àwọn tíṣà tiwọn daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ọ̀gá máa ń ṣe nígbà tí òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ro ìyẹn wò fúnra yín. Ohun tí a ń sọ kò ju pé bí wọ́n ṣe ń yan olórí ìṣirò lọ́hùn-ún kì í ṣe awo. Ìkéde, kíláàsì kan, bébà, àti ojú tó ń wò. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí a ní láti fi dọ́là rà.

Níbí ńkọ́? Píríńsípà kọ̀wé sí àjọ tó ń gba tíṣà síṣẹ́. Àjọ ní àṣẹ ìgbaniṣíṣẹ́ kò tíì jáde. Ọdún kan kọjá. Píríńsípà tún kọ̀wé. Wọ́n ní fáìlì ti wà lórí tábìlì. Tábìlì ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tó yá ni a wá ń gbọ́ pé orúkọ mẹ́ta ti wà nílẹ̀: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olóyè kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ olóṣèlú kan, ẹ̀kẹta jẹ́ àbúrò ìyàwó ẹni tó ń tẹ lẹ́tà. Ìkéde dà? A kò rí i lára ògiri, a kò gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń pín oyè ìdílé lẹ́yìn ìsìnkú: àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti pàdé nínú yàrá, àwa ará ìta ni wọn yóò wá pè láti wá jó.

Ní báyìí, tíṣà jọ́gíráfì kan ni wọ́n fi ṣe adelé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ wa yìí bú ọkùnrin náà. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Ọmọ ẹgbẹ́ NUT ni, ẹgbẹ́ tó ti wà láti ọdún 1931, tí Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, owó ẹyọ kan ni wọ́n ń san fún un. Kò rí kọ́bọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí owó adelé. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde nínú ìpàdé àwọn òbí tó sọ pé òru ni òun fi ń ka ìwé ìṣirò kí òun tó lè dúró níwájú ọmọ láàárọ̀, àti pé òun ti kọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n gbé ẹrù náà kúrò lórí òun. Ojú ti àwa tí a jókòó. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ ọ bí awakọ̀: ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré ni wọ́n gbé táńkà epo lé lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó máa lọ sí Kánò. Tí táńkà bá dojú dé lọ́nà, awakọ̀ ni ọlọ́pàá yóò mú. Ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un wà ní ọ́fíìsì, ó ń mu tíì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa, a kò sì gbọ́dọ̀ sá fún un. Ìdí tí wọ́n sọ pé àwọn fi mú tíṣà jọ́gíráfì náà ni pé òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ nínú àwọn tó ṣẹ́kù. Àwa yúníọ̀nù ló sì ń pariwo jù láyé pé ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ga. A ti jà fún un nílé iṣẹ́ yìí, a ó sì tún jà. Ṣé ẹnu wa wá di méjì ni? Rárá o. Nígbà tí a ń béèrè pé kí ẹni tó pẹ́ di fọ́mánù, fọ́mánù iṣẹ́ tó mọ̀ ni a ń wí. A kò sọ ọ́ rí pé kí ẹni tó ti fi ogún ọdún di páálí di olórí àwọn oníná. Iná á gbé e, á sì gbé àwa tí a dúró tì í. Ẹ̀tọ́ ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́ tuntun kí wọ́n tó lọ mú àlejò. Ta ló kọ́ tíṣà jọ́gíráfì ní nǹkan kan? Wọ́n kàn gbé e jókòó ni.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwé náà tó kọ́ ìṣirò àti iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, tó ti ń kọ́ ọ fún ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ní ìpele rẹ̀ kò tíì ga tó. Àwọn kan nínú ìpàdé òbí tún fi kún un pé ìṣirò kì í ṣe ohun tí obìnrin ń darí. A fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Grace Alele-Williams kọ́ ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, láti 1954 sí 1957. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Chicago ní 1963. Ní 1985 ó di gíwá Yunifásítì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ gíwá ní Nàìjíríà. A kò sọ pé kí wọ́n gbé ipò náà fún obìnrin tiwa yìí láìwo ọ̀tún wo òsì. Tí a bá sọ bẹ́ẹ̀, àwa náà ti di olóyè àti olóṣèlú nìyẹn, a kàn wọ aṣọ iṣẹ́ sí i ni. Kí ó kọ̀wé bí ẹlòmíràn, kí ó kọ́ kíláàsì níwájú ojú, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù gbà á.

Nítorí ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń wí. Àwọn kan rò pé olórí ìṣirò ni ẹni tó ń jókòó sí yàrá kékeré tó ní féènì, tó ń buwọ́ lu ìwé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, kódà àbúrò ìyàwó ẹni tó ń tẹ lẹ́tà. Àwa tí ọmọ wa gba abẹ́ ọkùnrin tó lọ yẹn kọjá mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Òun ló ń pín kíláàsì fún àwọn tíṣà yòókù. Kì í kó àwọn tó mọ̀ ọ́n jù sí SS3 nìkan kí orúkọ ilé ìwé lè dára. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ wà ní JSS1, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọmọ tí kò mọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ní JSS1, áljẹ́brà yóò máa fò kọjá lórí rẹ̀ bí ẹyẹ ní SS1, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn máa kọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta aago ìparí, ó máa ń kó àwọn tíṣà ìṣirò jọ. Kálukú yóò mú ìwé ọmọ mẹ́ta wá: ti ọmọ tó mọ̀ ọ́n, ti ọmọ àárín, ti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Ìwé kẹta yìí ni wọ́n máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ibo ló ti ṣìnà? Ṣé àmì àyọkúrò ló gbàgbé ni, àbí ìbéèrè gan-an ni kò yé e lédè Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn kọ́pà tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ láti ọdún 1973 tí wọ́n ti dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ máa ń jókòó síbẹ̀, àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ọdún kan ni wọ́n ń lò, wọ́n á lọ, àwọn tuntun á dé. Láìsí olórí tó ń fi wọ́n mọ̀nà, lọ́dọọdún ni ilé ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ó máa ń kó ọmọ wá sí wákísọ́ọ̀pù wa pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ tó gbé gíà méjì kalẹ̀, ọ̀kan eléhín 60, èkejì eléhín 20, tó ní kí àwọn ọmọ sọ iye ìgbà tí kékeré yóò yí tí ńlá bá yí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dákẹ́. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ yí i. Wọ́n ka ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó kọ 60 sókè, ó kọ 20 sísàlẹ̀, ó wò wọ́n. Àgbàlagbà kan nínú wa tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún gíà ṣe ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní ìdá nìyí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀fẹ̀.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ JSS1 tún nìyí: ó máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí àrùndínláàádọ́ta túmọ̀ sí. Ọmọ á ní 45 ni. Á ní, mo mọ̀, ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ṣe dé ibẹ̀? Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ẹ yọ mẹ́wàá kúrò, àádọ́ta. Ẹ yọ márùn-ún kúrò, àrùndínláàádọ́ta. Ìlọ́po kan àti àyọkúrò méjì ni ìyá wọn ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nígbà tó bá ń ka ọsàn, láìmọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ rí i pé èdè wa lè gbé ìṣirò. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ẹni tó ń sọ pé ìṣirò kò bá ọmọ tálákà mu kò tíì gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka owó.

Ó kù sí ọwọ́ wa. Nígbà tí àga yẹn ṣófo, kí ni àwa òbí ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, inú ilé wa la wà. Àwọn kan nínú wa yá owó nínú àjẹmọ́nú ẹgbẹ́, wọ́n fi gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní "miracle centre", níbi tí ẹnì kan ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó nígbà ìdánwò. Ọmọ gba C6, a pa adìyẹ. Ọmọ náà wá síbí láti kọ́ṣẹ́, fọ́mánù fún un ní irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan pé kó wọn ìdajì mìlímítà, ó ń wò wá. A ra ìwé ẹ̀rí, a kò ra ìmọ̀. Àwa tí a ń bínú pé wọ́n ń fi ipò tọrẹ, àwa náà ń fi owó ra èsì. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí wa nítorí gbólóhùn yìí, ẹ bínú.

Ìmọ̀ràn kejì ni èyí tí wọ́n mú wá sí ìpàdé ẹ̀ka lóṣù tó kọjá, pé kí kálukú máa dá ₦500 lóṣù kí a fi gba tíṣà lẹ́sìnnì fún àwọn ọmọ SS3. Inú rere ló bí i, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a lòdì sí i. Àkọ́kọ́, lẹ́sìnnì oṣù mẹ́ta kò lè tún ohun tó ti wó láti JSS1 ṣe. Ọ̀dà ni a fẹ́ kùn sára mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Èkejì ló dùn wá jù. Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ ilé ìwé náà, tí àwa òṣìṣẹ́ fákitírì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí láti máa kọ́ ìṣirò. Ẹ mọ iye tí a ń san fún un? ₦25,000 lóṣù. Àwa! Àwa tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa bá wọn fà á títí òfin owó oṣù tó kéré jù fi di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Àwa tí bàbá wa rántí ₦125 ti ọdún 1981 bí ẹni rántí ọjọ́ ìbí. Àwa náà ti di ọ̀gá tó ń rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ, a sì ń sọ fún un pé kó ní sùúrù nítorí Ọlọ́run. Owó orí wa ni wọ́n ti yọ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ wa. Iṣẹ́ ìjọba ni láti san owó tíṣà. Tí a bá ń bá a san án lábẹ́ tábìlì, a ń sọ fún un pé kó máa sùn lọ.

Ẹni tó bá ní èyí kò ṣẹlẹ̀ rí kò rántí nǹkan. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sẹ́kọ́ńdírì bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ wa lẹ́yìn ìdìbò 1979, ilé ìwé pọ̀ ju tíṣà lọ, àwọn ará Gánà sì wà lára àwọn tó gba kíláàsì ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ró. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ ní kí àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù. Ta ló béèrè ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀kì náà? Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, owó oṣù tíṣà di ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jẹ́ òbí lónìí ló jókòó sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lọ́mọdé. Òun ló fà á tí ìwé owó oṣù wa fi ń dojú kọ wá bí èdè àjèjì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé ọmọ tó fẹ́ ka iṣẹ́ ọnà àti àwọn ẹ̀kọ́ tó jọ ọ́ ní yunifásítì kò nílò kírẹ́dìtì ìṣirò mọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ní kò túmọ̀ sí pé ọmọ kò ní ṣe ìdánwò náà mọ́. A gbọ́. Ọmọ tó fẹ́ ka lítíréṣọ̀ lè dúpẹ́, a kò bá a jà. Ohun tí a ń bẹ̀rù ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba tí yóò gbá irú ìkéde bẹ́ẹ̀ mú, tí yóò sọ pé: ẹ ò rí i, ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kókó, ẹ jẹ́ kí adelé máa bá a lọ. Ọmọ wa tó fẹ́ di oníná, tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, tó fẹ́ ra mọ́tò tí yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ńkọ́? Ká ní wọ́n ní mọ́tò jẹ́ ₦4,000,000, kó máa san ₦120,000 lọ́sẹ̀ fún 60 ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò. ₦7,200,000 ni. Mélòó nínú wa ló ṣe ìṣirò yẹn kó tó tẹ àtàǹpàkò?

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Kí àjọ náà kéde ipò yìí ní gbangba, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí iye owó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn tó bá kọ̀wé kọ́ kíláàsì kan níwájú àwọn tó mọ ìṣirò, kí aṣojú òbí kan jókòó síbẹ̀, kó má sọ̀rọ̀, kó kàn máa wò. Ẹni tí wọ́n bá mú, kí owó ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kó má jẹ́ pé ìlú òkèèrè ni yóò tún wá kọ́ wa pé ó níye lórí. Kí wọ́n san owó adelé fún tíṣà jọ́gíráfì láti ọjọ́ tó ti gba ẹrù, gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà sídìí máàpù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Tí wọ́n bá ní àwọn kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, òfin tó jáde ní 2022 ti gbé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti 60 sí 65 ọdún. Kí wọ́n wá àwọn àgbà tíṣà ìṣirò tí wọ́n ti lé sílé kí òfin náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa oní-₦25,000, àwa òbí ni a jẹ ẹ́ ní gbèsè, a ó sì gbé e dìde nínú ìpàdé wa kí a tó la ẹnu sí ìjọba.

Ìpàdé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé náà. Wọ́n ti ṣèlérí pé aṣojú àjọ yóò wá. Àwọn tó wà ní ṣíìfù ọ̀sán, ẹ bá ẹlẹgbẹ́ yín tó wà ní ṣíìfù òwúrọ̀ pàrọ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé. Akọ̀wé ẹ̀ka ti bá fọ́mánù méjèèjì sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn yóò gbà. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí òkè Ọya lọ́sẹ̀ náà, ẹ rán ìyàwó tàbí ọkọ yín. Kí kálukú mú ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀ ti táàmù tó kọjá lọ́wọ́, bó ti wù kí máàkì inú rẹ̀ rí. A ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú aṣojú náà, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.